Ẹja Tó Rùn bí Ọ̀dà Ikán

Nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun fi ìyàwó mi sílẹ̀, ó kó ìfẹ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ìró tó ti ń ró láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá di ohun tó ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ fún mi pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ kó má baà bọ́ sínú omi ìfọṣọ. Bí òróró bá ti gbóná nílé ìdáná, yóò fi ọwọ́ bo imú, yóò bọ́ síta, yóò sì jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn títí òórùn náà yóò fi tán.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa pé kó máa jẹ ẹja àti ẹyin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọsibítù la tún ń padà sí. Ó ní ẹyin ń rùn bí ìyẹ́ adìẹ tó tutù. Ẹja dídín kò ṣeé sọ fún un rárá. Èyí tí mo sè, ó ní omi rẹ̀ ń yọ̀ lẹ́nu òun. Ohun kan ṣoṣo tó ní ọkàn òun fà sí ni èpìyà yíyan, bí wọ́n ṣe ń yan án nílé wọn.

Ilé wọn wà létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ìwópin. Èmi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Ẹja tí mo mọ̀ nígbà èwe ni èyí tó ti gbẹ, tí wọ́n ti ká nírù mọ́ ẹnu kó tó dé ọjà wa. Ohun tí òun ń sọ yàtọ̀: ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àwọ̀n, tí wọ́n fi iyọ̀ pa lára, tí wọ́n tẹ́ sókè ẹ̀yinná tó ti rọlẹ̀, tí awọ rẹ̀ ń ta pòpò, tí inú rẹ̀ sì funfun.

Ọmọbìnrin wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Àgó-Ìwòyè, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì pè mí lórí fóònù.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n ra bábékíù ránṣẹ́. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ sórí wásáàpù yín."

"Ààrò la ń pè é," ni mo wí.

"Èyí ní táyà, Dádì."

"Ààrò tó ní táyà, ààrò náà ni. Ṣé ó ní òrùlé?"

"Kò ní."

"Bí òjò bá dé ńkọ́?"

"Ẹ ó gbé e wọlé."

"Kí n gbé iná àti èéfín wọlé tọ ẹni tó ń sá fún òórùn?"

Ohùn rẹ̀ yí padà. "Dádì, bí Màmá ò bá tíì máa jẹun gidi kí oṣù yìí tó parí, ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn, mò ń bọ̀ wá gbé wọn. Dókítà kò jìnnà sí mi níbí."

Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí fóònù mi a máa pariwo. Mo gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àgó kọ́ ni wọ́n gbé mi níyàwó sí. Bí mo bá fi ara yìí jáde nínú ilé yìí, mi ò rò pé mò ń padà bọ̀."

Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún mi pé iyọ̀ ti tán. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ààrò kò ti jẹ́ eré mọ́ lọ́dọ̀ mi.

Mo fẹ́ ààrò tí a ó lè lò lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná: ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tó ga dé ìbàdí, kí ẹ̀yìn má baà máa dùn mí, èyí tó wà lẹ́yìn kọ ojú sí ibi tí òjò ti máa ń fẹ́ wá, ẹnu rẹ̀ wà ní ọ̀dọ̀ ilé ìdáná. Inú rẹ̀ yóò jẹ́ amọ̀, àwọ̀n irin yóò sì wà lókè tó ṣeé gbé kúrò. Páànù òrùlé gbọ́dọ̀ ga ju orí mi lọ kí èéfín lè ríbi gbà. Ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀, kí omi òjò má dúró níbẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀ eérú.

Àbúrò mi ọkùnrin ló bá mi ṣe é. Kápẹ́ńtà tó ń kan òrùlé ni, Jápárà ló ń gbé, kò sì sí ohun tó ṣòro fún un láyé yìí ju kó dákẹ́ lọ. Ó wo ìlà tí mo fà, ó yí i po, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi náà kọ́ ni mo kọ́ èyí tí a fi ń wi àgbò Iléyá nílé Bàbá?"

Ó ṣe iṣẹ́ tó dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ògiri náà gún, òrùlé náà kò jò títí di òní. Ìjà wa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ ra èédú.

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé mo bú u. "Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó fẹ́ ra èédú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú gba Ìwópin lọ, kẹ́ ẹ lọ ra omi fún àwọn àna yín."

"Èédú kì í mú èéfín wá tó igi."

"Igbó ló sọ wá lórúkọ. Èédú, àwọn ará òkè tí igi wọ́n ni wọ́n ń fi dáná. Bí ẹnikẹ́ni bá rí yín pẹ̀lú àpò èédú lórí ọ̀kadà, wọ́n á ní èmi àbúrò yín ti kú."

Ó yẹ kí n ta kò ó, ṣùgbọ́n gbogbo wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó la ní àìsàn yìí. Ọmọ tó bá dàgbà láàárín igi kì í rò pé ó yẹ kí òun béèrè irú igi tó jẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dé, pákó àti igi òrùlé kún inú rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ awakọ̀. Ilé àtijọ́ kan ni wọ́n ń wó ní Jápárà, òun ló sì bá wọn tú òrùlé rẹ̀.

"Ó gbẹ bí egungun," ni ó wí. Ó gbá ọ̀kan mọ́ èkejì kí n lè gbọ́.

Lóòótọ́ ni ó gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ wọn dúdú, mo sì rò pé èéfín ìdáná ilé àtijọ́ ló ṣe é.

Kí n tó yíjú, àbúrò mi ti ki ọ̀rá omi tó ṣófo sábẹ́ igi, ó sì ti ṣáná sí i. Mo fi igi tú ọ̀rá náà jáde. Ó ti rọ̀, ó ń kán tótó bí ikun imú ọmọdé, òórùn rẹ̀ sì dúró sí ọ̀nà ọ̀fun mi.

"Kì í ṣe ọ̀rá la fi ń dáná oúnjẹ," ni mo wí.

"Iná ò mọ ohun tó jẹ, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹja mọ̀ ọ́n."

Iná náà mú. Ó mú jù. Ọwọ́ iná ga dé àwọ̀n irin, èéfín rẹ̀ sì ní àwọ̀ bí ìtọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe. Mo rí ohun dúdú kan tó ń hó jáde ní orí àwọn igi náà, tó ń wú, tó ń bẹ́, tó sì ń ṣàn lọ sínú amọ̀ tuntun.

"Kí ni èyí?"

"Oje igi ni."

"Igi tó ti wà lórí ilé láti ìgbà tí bàbá wa wà láyé, oje wo ló kù nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀yin tíṣà," ni ó wí, ó ti ń tẹ́ èpìyà sórí irin, "ìbéèrè ò jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun gbígbóná."

Mo gbé ẹja àkọ́kọ́ fún ìyàwó mi lórí àwo funfun. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì ti fọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé. Mi ò rí i kó fọ ọwọ́ de oúnjẹ láti ìgbà tó ti ṣàìsàn. Ó já díẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹja náà, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dìde, ó di ògiri mú dé ìdí igi ọsàn, ó sì bì gbogbo rẹ̀, ó tún bì ẹ̀kọ òwúrọ̀ mọ́ ọn.

Mo fún un lómi. Ó fọ ẹnu, ó tutọ́, ó ní, "Ẹja yìí kò kú sínú omi. Inú ọ̀dà ló kú sí." Ó yíjú sí àbúrò mi. "Ọkọ mi, kí lẹ fi dáná?"

"Igi ni, ìyàwó wa."

"Irú igi wo?"

"Igi òrùlé."

"Èyí tí wọ́n kùn ní oògùn ikán?"

Àbúrò mi họ orí. "Wọ́n máa ń kùn ún, ká sòótọ́. Gbogbo òrùlé àtijọ́ ni wọ́n ń kùn. Ṣùgbọ́n iná á ti jó ìyẹn dànù. Òun náà la fi wi àgbò Iléyá, gbogbo yín lẹ jẹ ńbẹ̀, ẹ sì ń yìn mí."

"Ẹ wi àgbò. Nígbà tẹ́ ẹ wi í tán, kí lẹ ṣe?"

"A fi ọ̀bẹ họ ọ́."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"A fi kànrìnkàn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́."

"Ẹja tèmi yìí, ta ló họ ọ́? Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá, ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wíwi àti yíyan. Ẹni tó ń wi ẹran kàn fẹ́ jó irun rẹ̀ ni. Ọwọ́ iná ló nílò, ohunkóhun tó bá sì lè jó ló lè fi dáná, nítorí ohun tí èéfín bá fi sílẹ̀ yóò bá ọ̀bẹ àti ọṣẹ lọ. Ẹni tó ń yan ẹja kò ní ọṣẹ kankan lẹ́yìn iná. Èéfín náà wà lára ohun tó ń jẹ. Àbúrò mi fi iná wíwi yan ẹja, èmi náà sì dúró tì í, mò ń wo ọ̀dà tó ń hó.

Mo ní kí n da àwọn ẹja yòókù nù. Àbúrò mi gba àwo lọ́wọ́ mi. Bóyá ojú ló ń tì í, bóyá agídí ni. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù, ó sì ń jẹ ẹ́.

"Fi í sílẹ̀," ni mo wí.

"Ohun tí ikán ò lè jẹ, èmi á jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fa orí rẹ̀ mu. Ohun dúdú tó lẹ̀ mọ́ awọ ẹja lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀, ó fi ahọ́n lá a, ó lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gùnfẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ìgùnfẹ̀ náà wá bá mi. Ó rùn bí ìgbà tí wọ́n ń da ọ̀dà sí títì. Mo dìde kúrò níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi kò tún jókòó lẹ́yìnkùlé mọ́. Ó ní bí òun bá wo ààrò náà lásán, itọ́ ń kún òun lẹ́nu. Ẹ̀kọ ló ń mu, ó sì ń fi púpọ̀ sílẹ̀ nínú ife. Ọmọ wa ń pè ní alaalẹ́, ó ń béèrè ohun tí Màmá jẹ, èmi sì ń sọ òótọ́ fún un, nítorí mi ò mọ bí a ṣe ń purọ́ fún ọmọ tí mo kọ́ láti má purọ́.

Ohun tí mo bá lórí ààrò nígbà tí mo padà síbẹ̀ kò yẹ ní fífi sọ ìtàn fún ẹni tó ń jẹun. Ẹja kan ti já bọ́ sábẹ́ irin láàárín igi tó jó ku, a ò rí i. Eṣinṣin aláwọ̀ ewé bo ibẹ̀. Mo fi igi yí i padà, ìdin ń yí lábẹ́ rẹ̀, wọ́n funfun, wọ́n sanra, eérú lẹ̀ mọ́ wọn lára bí ìyẹ̀fun lára àkàrà. Ọ̀rá ẹja ti dì mọ́ irin. Amọ̀ tuntun náà ti mu ọ̀dà yó, nígbà tí mo sì ṣáná díẹ̀ sínú rẹ̀ láti fi jó o dànù, òórùn náà tún jí bí ìgbà àkọ́kọ́.

Mo fi iyanrìn àti eérú fọ irin. Mo fi ọṣẹ fọ ọ́. Ọ̀dà náà kúrò lára irin, ó wá sábẹ́ èékánná mi. Ó wọ jalámíà mi. Ní mọ́ṣáláṣí, ẹni tó dúró tì mí ní sàfù, ìyẹn ìlà ìkírun, ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nígbà tí a sì kírun tán, ó bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Àlàájì, ṣé wọ́n ti ń ṣe títì àdúgbò yín ni?"

Mo ní kò tíì kàn wá.

Níkẹyìn, mo pinnu pé amọ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá. Ibi tí mo ti ń fi ọkọ́ kékeré gbẹ́ ẹ ni àbúrò mi bá mi. Ó ti rù. Ó gbé agbada amọ̀ tútù lórí, kò sì kí mi bó ṣe máa ń kí mi.

"Ṣé kò sí?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé ìgbẹ́ ni mo ti ń sùn láti ọjọ́ yẹn." Ó sọ amọ̀ náà kalẹ̀. "Ikán gbọ́n jù mí lọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, èmi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fún un lọ́kọ́. Àwa méjèèjì gbẹ́ amọ̀ dúdú náà, a kó o sínú àpò, a sì tún inú ààrò rẹ́ lọ́tun. Ìyàwó mi ń wò wá láti ojú fèrèsé. Nígbà tí a ṣe tán, ó pè wá láti ibẹ̀.

"Ọkọ mi, ṣé inú yín ti rọlẹ̀?"

"Ó ti ń rọlẹ̀, ìyàwó wa."

"Ẹ kú ìnira o. Ṣé ẹ ó wá bá Bàbá wọn ra èédú báyìí, àbí ẹ tún fẹ́ wó òrùlé tiwa?"

Àbúrò mi dojú kọ ilẹ̀. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi nǹkan bo àpò náà lórí ọ̀kadà," ni ó wí.

Èédú pàápàá ní ìríra tirẹ̀. Àpò àkọ́kọ́ tí mo rà, nígbà tí mo tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, yanrìn ni, ìyẹ́ adìẹ ni, òkú aáyán ni, gbogbo rẹ̀ sì tutù bí aṣọ tí a kò sá. Mo dá a padà. Ìyàwó mi kọ́ mi bí a ṣe ń yàn án: kí n mú méjì, kí n fi kan ara wọn, kó dún bí àwo tó fọ́, kó má dún bí èèpo burẹ́dì. Mo rí èyí tó dún. Mo kó o sínú àgbá onídèérí, mo gbé àgbá náà sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ òrùlé, nítorí pé lákòókò òjò èédú a máa mu omi inú afẹ́fẹ́, yóò sì máa rú èéfín. Lẹ́ẹ̀rùn, iná rẹ̀ a máa ta pàrà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbá ewé gbígbẹ kúrò láyìíká rẹ̀. Ìyàwó mi ní ògùṣọ̀ ni kí n fi ṣáná sí i, ìyẹn ìhá ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ kúrò, kí n fi èèpo ọsàn gbígbẹ kún un. Ó sì ní n kò gbọ́dọ̀ gbé ẹja sórí rẹ̀ títí èédú yóò fi wọ aṣọ eérú funfun, tí ọwọ́ iná kankan kò ní sí mọ́.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó tó?"

"Ẹ gbé imú yín síbẹ̀. Bí ẹ ò bá gbọ́ òórùn kankan, ó ti tó."

Ó ṣòro fún mi láti gbé imú mi síbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù dé, òjò sì bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń jáde ní mọ́ṣáláṣí. Mo ti ra èpìyà ní àárọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti etí ọ̀sà. Òjò ń lu páànù òrùlé ààrò, omi ń ṣàn gba ibi tí mo ní kó gbà, iná kò sì gbọ̀n. Mo dúró tì í títí gbogbo èédú fi funfun. Mo di èémí, mo tẹ orí ba, mo fa afẹ́fẹ́ sí imú. Kò sí òórùn kankan. Mo tẹ́ ẹja.

Ó ń jinná lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò ọmọ wa wọlé. Ó sá gba inú òjò wá pẹ̀lú àpò ńlá kan tó ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fẹ́ fi kó aṣọ ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wo ààrò, ó wò mí.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ ń yan ẹja?"

"Èmi ni."

"Màmá ńkọ́?"

Mi ò tíì dáhùn tí ìyàwó mi fi jáde. Ó fa àpótí rẹ̀ láti ilé ìdáná wá sí ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó. Ó na ọwọ́. Mo gbé ẹja kan lé àwo, mo gbé e fún un. Ó gbé àwo náà sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀. Àwa méjèèjì dúró, a ń wo ẹnu rẹ̀. Ó bó awọ rẹ̀, ó já díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó tún já òmíràn.

Ọmọ wa jókòó tì í lórí ilẹ̀. "Màmá, mo gbé àpò wá."

"Mo rí i."

"Ṣé ẹ ti palẹ̀ ẹrù yín mọ́?"

"Ẹrù wo? O ò rí i pé ọwọ́ mi kún?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìdí ẹja náà. Ìyá rẹ̀ fa àwo sẹ́yìn, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a. "Lọ bá bàbá rẹ kó yan tìrẹ."

Mo yan tirẹ̀ fún un. Òun náà jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ó ní kí èmi náà jẹ. Mo ní mo ti yó. N kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, ṣùgbọ́n bí awọ ẹja ti ń ta lórí irin ni mo ń rí ohun dúdú tó ń hó, ètè àbúrò mi, àti àwọn ìdin tí eérú lẹ̀ mọ́ lára. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo bu gààrì sínú ife, mo da omi sí i.

Mi ò tíì gbé e dé ẹnu tí mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá wọn, ṣé ó ku ẹyọ kan lórí iná?"

Mo gbé ife sílẹ̀, mo mú ẹ̀mú, mo sé èémí, mo sì jáde lọ yí i padà fún un.